Ìwádìí Tí Mo Ṣe Lórí Tẹlifíṣọ̀n

Ọmọ ọmọ mi obìnrin ló ń bá mi kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Èmi ò kàwé. Ẹnu ọ̀nà ilé ìwé ni mo mọ, níbi tí mo máa ń gbé oúnjẹ dé fún àbúrò mi. Mo ti kìlọ̀ fún un pé bí mo bá ṣe sọ ọ́ ni kó kọ ọ́, kó má fo ibì kankan, pàápàá ibi tí mo bá ti yìn ín. Ó ti ń fọwọ́ bojú báyìí. Kọ ọ́, jàre.

Ọ̀dọ̀ ọmọ mi ọkùnrin ni mo ń gbé, ní Auburn Bay, ní Calgary níbí. Ẹnjiníà ni, iléeṣẹ́ epo ló ń bá ṣiṣẹ́. Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó rẹ̀, ọsibítù ńlá tó wà ní Seton ló ń lọ, kò jìnnà sí wa. Àkọ́bí wọn ni ẹni tó jókòó ti kọ̀ǹpútà yìí. Òun gan-an ló mú mi wá sí ìlú òtútù: wọ́n bí i, mo wá wẹ̀ ẹ́. Oṣù mẹ́ta ni mo ní mo máa lò. Ọmọ ti pé ogún ọdún, ìyá ò tíì lọ.

Ìyá rẹ̀ ń lọ síbi iṣẹ́, bàbá rẹ̀ ń lọ síbi iṣẹ́, èmi àti ọmọ ló ń kù sílé, nítorí náà Yorùbá ló kọ́kọ́ fọ̀. Nígbà tó wọ daycare, àwọn olùkọ́ wọn pe ilé. Wọ́n ní ọmọ náà ń sọ̀rọ̀ púpọ̀, ó tilẹ̀ ń bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jà lẹ́nu, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ń wí. Ara bàbá rẹ̀ ò balẹ̀. Mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, tó bá pẹ́, gbogbo daycare náà á gbọ́ ọ. Kò sì pé oṣù méjì tí ọmọ òyìnbó kan ń pe omi ní omi.

Ohun tó bí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ ṣẹlẹ̀ ní ìgbà òtútù tó kọjá yìí. Yunifásítì tí ọmọ yìí ń lọ mú un mọ́ àwọn tó máa lo ọdún kan ní Japan, wọ́n á máa kàwé níbẹ̀, wọ́n á sì padà wá parí níbí. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni nínú wa pé òun tọrọ rẹ̀. Ìgbà tí ìdáhùn dé ló wá kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀, ó na fóònù sí i pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Bàbá rẹ̀ kà á títí, ó dá fóònù padà.

"No," ló sọ. "Japan kẹ̀? Kí lo fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀? O ò gbọ́ èdè wọn."

"Daddy, I do. Mo gbọ́ ọ."

"Cartoon lo gbọ́. Láti nǹkan bí ọdún mẹ́rin lo ti ń ka òyìnbó tí wọ́n ń kọ sísàlẹ̀ fíìmù, o wá rò pé èdè wọn lò ń gbọ́. Ọjọ́ tí o bá sọnù ní títì wọn, ta ló máa bá ọ kọ òyìnbó sísàlẹ̀?"

Ọmọ náà sọ̀ kalẹ̀ lọ sí basement, ibi tí yàrá rẹ̀ wà.

Ẹ má pe ọmọ mi ní ìkà o. Òun náà nìkan ló kọ́kọ́ wá sílẹ̀ yìí. Ọ̀sẹ̀ tó dé, ó wọ train tí kò kọjú síbi tó ń lọ, ó sọ̀ kalẹ̀ sínú snow pẹ̀lú bàtà ìgbàlódé tó wọ̀ láti Èkó. Ó ní àwọn tí òun ń bi ní ọ̀nà, wọ́n ń sọ òyìnbó, òun náà ń sọ òyìnbó, àwọn méjèèjì ò gbọ́ ara wọn. Ìkà kọ́, ẹ̀rù ló ń bà á. Àmọ́ ẹ̀rù bàbá a máa dí ọ̀nà ọmọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fún ọmọ náà láti dá wọn lóhùn. Òfin kankan ò ní kó gba àṣẹ lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni, àgbà ni lójú àwọn ará ibí. Ṣùgbọ́n ọmọ tí mo tọ́ ni, kò ní fi ẹsẹ̀ jáde nílé lórí "rárá" bàbá rẹ̀. Bí bàbá ò bá yí ohùn padà, á kọ̀wé sí wọn pé òun ò wá mọ́, ọ̀rọ̀ tán nìyẹn. Mo lè fi ẹnu ìyá pàṣẹ fún ọmọ mi, á sì gbọ́. Ṣùgbọ́n a kì í já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu bàbá lójú ọmọ rẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, èmi alára ò mọ àwọn ará Japan. Ìwà wo ni wọ́n ń hù?

Ní Abẹ́òkúta tí wọ́n ti bí mi, a kì í fa ọmọ lé ẹni tí a ò ṣe ìwádìí rẹ̀ lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n wá tọrọ mi, àbúrò bàbá mi obìnrin lọ sí àdúgbò àwọn ọkọ mi fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko, ó ní òun ń wá ìkòkò rà. Kò ra ìkòkò. Ó ń wo bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn láàárọ̀, ó ń wo ẹni tí wọ́n ń kọ́kọ́ bu oúnjẹ fún, ó ń fetí sí bí àwọn ọmọ ṣe ń dá ìyá wọn lóhùn. Ó padà dé, ó ní, "Wọ́n ń pariwo, ṣùgbọ́n wọn kì í rí àgbà fín." Bí mo ṣe di ìyàwó wọn nìyẹn.

Mi ò lè lọ sí Japan lọ wá ìkòkò rà. Eékún mi ò gbà. Ṣùgbọ́n ọmọ yìí ní fíìmù ìfẹ́ tuntun kan ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀hún, apá kan ni wọ́n ń gbé jáde lọ́sẹ̀, àárọ̀ Sátidé ló ń dé ọ̀dọ̀ wa.

"Gbé e wá," mo ní. "Jẹ́ kí n wo ojú wọn."

Nígbà tí bàbá rẹ̀ gbọ́, ó rẹ́rìn-ín. "Màámi, fíìmù ni o. Wọ́n ń ṣeré ni."

"Ẹni tó ń ṣeré, ilé ẹ̀ ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń bọ́ bàtà," mo dá a lóhùn.

Èyí tí mo sì kọ́kọ́ rí nínú fíìmù náà nìyẹn: bàtà. Ọmọbìnrin kan ti ìlú ńlá dé, ó gbé àpótí, ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. Ó dé ẹnu ọ̀nà ilé ìyá rẹ̀, ó bọ́ bàtà, ó yí i padà kó kọjú síta, kó tó wọlé. Mo ní ó dára. Ọmọ ọmọ mi jókòó tì mí lórí àga gígùn, ó ń sọ ohun tí wọ́n ń wí fún mi.

"Ó ní, 'Mo ti dé o.' Ìyá rẹ̀ ní, 'Káàbọ̀.'"

"Wọ́n ń sọ káàbọ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Tí ẹnì kan bá ti wọlé, wọ́n gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Ẹ gbọ́ èyí tí ọkùnrin yẹn ń sọ fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́? 'Ẹ kú iṣẹ́' ni. Òyìnbó ò ní in rárá."

Mo jókòó dáadáa. Àwọn tó ń kí ara wọn kú iṣẹ́! Ogún ọdún ni mo ti ń wo àwọn òṣìṣẹ́ tó ń ha snow ní títì wa, tí mò ń wá bí mo ṣe máa kí wọn, tí wọ́n á kàn máa ju ọwọ́ sí mi.

Nígbà tí ìyá ọmọbìnrin inú fíìmù náà na ife tíì sí i, mo rí ọwọ́ ìyá. Ó dúdú láti orí ìka dé ọrùn ọwọ́, èékánná rẹ̀ dúdú.

"Aláró ni!" mo kígbe.

Ọmọ ọmọ mi yíjú sí mi. "Wọn ò tíì sọ iṣẹ́ tó ń ṣe, Màmá. Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

Báwo ni mi ò ṣe ní mọ̀? Iṣẹ́ tí mo fi tọ́ bàbá rẹ̀ dé yunifásítì ni. Iṣẹ́ aró ni mo bá lọ́wọ́ ìyá mi, òun náà bá a lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Ní ìgbà tí mo ń rẹ aṣọ, tí mo bá na ọwọ́ gba nǹkan lọ́wọ́ àlejò, á kọ́kọ́ fà sẹ́yìn. Kò pẹ́ lóòótọ́ tí wọ́n fi fi ibi iṣẹ́ ìyá náà hàn. Wọ́n ri ìkòkò wọn mọ́ ilẹ̀, ọrùn rẹ̀ nìkan ló yọ, tiwa máa ń wà lókè ni. Ṣùgbọ́n nígbà tó fa aṣọ jáde, ó jáde láwọ̀ ewé, atẹ́gùn fẹ́ sí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dú. Omi bọ́ lójú mi. Mi ò rò pé mo tún máa rí nǹkan yẹn láyé mi.

Ìfẹ́ tó wà nínú fíìmù náà ńkọ́? Ẹ ní sùúrù. Ọkùnrin méjì ló wà. Ọ̀kan wá láti ìlú ńlá, ó wọ kóòtù, ó ń pe ọmọbìnrin náà lórí fóònù ṣáá. Èkejì ń gbé eérú wá fún ìyá ọmọbìnrin náà, nítorí láìsí omi eérú, kò sí aró. Láràárọ̀ ló ń gbé àpò eérú wá, á fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí ìyá náà, á tẹrí ba, á lọ. Kò sọ̀rọ̀. Ọmọ ọmọ mi ní ẹni tó wọ kóòtù ló máa fẹ́ ẹ. Mo ní, "Ìwọ ń wo kóòtù. Èmi ń wo ẹni tó ń jí." Apá kìíní parí, apá kejì parí, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan ẹnì kan nínú wọn. Ó wù mí. Àwọn fíìmù tí wọ́n ń ṣe ní ibí yìí, kí o tó mọ orúkọ wọn, wọ́n ti wà lórí ibùsùn.

Èmi náà ṣi nǹkan gbà níbì kan o, mi ò ní fi pamọ́. Ní apá kejì, ọkùnrin eérú náà wọlé, ó kúnlẹ̀, ó fi iwájú orí kan ilẹ̀ níwájú ìyá ọmọbìnrin náà. Mo ti dìde dúró. Mo ní, "Ó ti wá tọrọ ọmọ! Ẹ kú oríire o! Wò ó bó ṣe dọ̀bálẹ̀, ọmọ tí wọ́n kọ́!" Mo ti ń gbàdúrà fún wọn, mo ti dé orí ọmọ tí wọ́n máa bí, kí n tó rí i pé ọmọ ọmọ mi ti ṣubú sórí àga, ó ń fi ẹ̀rín pa ara rẹ̀.

"Màmá, kò tọrọ ẹnikẹ́ni. Ó ń bẹ̀bẹ̀ ni. Òjò pa eérú tó gbé wá."

"Òjò pa eérú?" Mo jókòó. Ọ̀rọ̀ di ńlá. Eérú tí òjò ti fọ agbára rẹ̀ lọ ò ṣe nǹkan kan fún aró. Mo ní, "Aṣọ ò ní mú aró lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Wàá rí i."

Ọjọ́ náà gan-an ni mo rí ohun tí mo rí. Ó ti gba òòyà, ó ní kí n jókòó sílẹ̀ kí òun bá mi di irun. Mo jókòó sórí tìmùtìmù láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀, a tún ń wo fíìmù náà lọ. Ó ń dì, ó ń sọ ohun tí wọ́n ń wí fún mi ní Yorùbá, kò dúró. Ó dun orí mi níbì kan, mo bá yíjú padà láti bá a wí. Ẹnu rẹ̀ ń sọ ọ̀rọ̀ ìyá aláró lọ́wọ́. Ojú rẹ̀ wà lórí òòyà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan fún ẹ̀yin tí ẹ mọ̀wé. Ẹ̀yin ò mọ bí ojú yín ṣe ń rí tí ẹ bá ń kàwé, nítorí ẹ ò lè rí ara yín. Èmi mọ̀ ọ́n. Gbogbo ọjọ́ ayé mi, àwọn ẹlòmíràn ló ń bá mi ka lẹ́tà, ojú wọn ni mo sì máa ń wò, bóyá ìròyìn ayọ̀ ni tàbí ti ìbànújẹ́, kí wọ́n tó la ẹnu. Ojú ẹni tó ń kàwé a máa rìn bí eèrà, láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ìkejì, á tún sáré padà. Ojú ọmọ yìí ò rìn. Irun mi ló ń wò.

"Ìwọ ọmọ yìí," mo ní, "o ò kà á."

"Kí ni mi ò kà, Màmá?"

"Ìwé tó ń sáré nísàlẹ̀ yẹn."

Ó wo tẹlifíṣọ̀n bí ẹni pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí i. "Oh. I don't really look at it anymore."

Ó ń gbọ́ wọn! Ó ń gbọ́ wọn bó ṣe ń gbọ́ mi, ó sì ń gbé e láti ẹnu wọn wá sí Yorùbá tààrà, kò gba ilé òyìnbó kọjá. Bàbá rẹ̀ ní kò gbọ́. Bàbá rẹ̀ tó kàwé jù nínú ìdílé wa ò rí i, èmi tí mi ò mọ A ni mo rí i.

Mi ò sọ nǹkan kan fún bàbá rẹ̀. Bí mo bá sọ ọ́, á ní mò ń gbè sẹ́yìn ọmọ. Mo dúró de Sátidé kẹta. Ọjọ́ Mọ́ńdè tó tẹ̀lé e ni wọ́n ń retí ìdáhùn ọmọ náà, nítorí náà bí ọwọ́ bá bọ́, ó bọ́ nìyẹn.

Ní Sátidé náà, oòrùn ràn sórí snow títí ó fi ń dun ojú. Mo ní kí ọmọ náà mú gèlè mi kan wá, èyí tó nípọn, mo ní kó fi tẹ́èpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìsàlẹ̀ tẹlifíṣọ̀n, láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ìkejì.

"Màmá, kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Lẹ̀ ẹ́."

Mo bá pe bàbá rẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀ wá pẹ̀lú ife kọfí rẹ̀, ó dúró.

"Màámi, kí ni gèlè ń ṣe lójú tẹlifíṣọ̀n?"

"Òtútù ń mú un. Jókòó."

Mo ṣàlàyé. Mo ní fíìmù tó jáde láàárọ̀ yìí ni, ọmọ rẹ̀ ò tíì wò ó, ìwé ìsàlẹ̀ ti wà lábẹ́ gèlè, kó bi í ní ohunkóhun tó bá fẹ́. Ó wo ọmọ rẹ̀. Ojú ọmọ ti yí padà, ẹ̀rù ti bà á. Wọn kì í dán ènìyàn wò lójijì, mo mọ̀, ṣùgbọ́n bí mo bá ti sọ fún un tẹ́lẹ̀, kò ní sùn.

"Ó dáa," bàbá rẹ̀ ní. "Ìyá Japan, oya. Máa wí."

Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í wí. Ó ní ọkùnrin tó wọ kóòtù ti dé láti ìlú ńlá, ó fẹ́ mú ọmọbìnrin náà padà. Ó ní ọmọbìnrin náà ń sọ pé òun ò lè fi ìyá òun sílẹ̀ báyìí. Wọ́n dé ibi ìkòkò aró. Ìyá aláró ti aṣọ bọ inú rẹ̀, aṣọ jáde, kò mú, ó funfun báláú. Mo fi ìgbọ̀nwọ́ gbún ọmọ mi: mo ti wí i tẹ́lẹ̀. Ìyá náà tọ́ aró wò láhọ́n, ó sọ ọ̀rọ̀ kan wẹ́rẹ́.

"Ó ní àárẹ̀ ti mú aró náà," ni ọmọ ọmọ mi wí.

Nígbà tó fi máa dé ìdajì, bàbá rẹ̀ ti gbàgbé kọfí. Ọkùnrin eérú àti ọkùnrin kóòtù pàdé lójú ọ̀nà, ọ̀rọ̀ gbóná, bàbá rẹ̀ na ọrùn wo ìsàlẹ̀, gèlè ni ó rí.

"Kí ló sọ? Kí ni bọ̀bọ́ yẹn sọ fún un?"

"Ó ní, 'Ìwọ mọ nọ́ńbà fóònù rẹ̀. Ṣé o mọ aago tó ń jí?'"

"Háà!" ọmọ mi ní, ó na ọwọ́ bí ẹni tí wọ́n jẹ góòlù fún. Ìyàwó mi ti ibi iṣẹ́ òru ní Seton dé, aṣọ nọ́ọ̀sì wà lọ́rùn rẹ̀, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú bàtà kan lẹ́sẹ̀, kò ráyè bọ́ èkejì. "Ẹ jọ̀ọ́ Ma, taa ni ọkọ nínú wọn?" ló ń bi mí.

Apá náà parí. Mo rò pé iṣẹ́ ti tán. Ṣùgbọ́n ẹnjiníà ni mo bí.

"Ó sọ̀rọ̀ dáadáa," ó ní. "Ṣùgbọ́n báwo la ṣe mọ̀ pé òótọ́ ni? Ẹni tó bá ní ẹnu lè sọ ìtàn sórí àwòrán èyíkéyìí."

Ó dìde, ó ká gèlè kúrò, ó dá fíìmù padà síbẹ̀rẹ̀. Ó wá ń ka òyìnbó, ó ń túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Ibi tí ọmọ ti ní ẹ kú iṣẹ́, òyìnbó ò kọ nǹkan tó dára síbẹ̀, ṣùgbọ́n yàtọ̀ sí ìyẹn, wọ́n ń bá ara wọn mu, ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀. Mo ti ń mi orí. Àfi ìgbà tí a dé ibi ìkòkò aró. Ó dá fíìmù dúró, ó fi ọwọ́ gbá itan.

"Ẹn-hẹn! Ohun tí wọ́n kọ síbí ni pé aró náà ti bàjẹ́. Ìwọ ní àárẹ̀ mú un. Ṣé aró ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ni, tí àárẹ̀ fi máa mú un?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà wo ilẹ̀.

"Maybe I heard it wrong," ó ní, ohùn rẹ̀ kéré. "Mo rò pé ohun tó sọ nìyẹn. Sorry, Daddy."

Mo rí i pé ó fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wa. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba bàbá rẹ̀ gbọ́ ju etí ara rẹ̀ lọ. Ohun tó ń dun ènìyàn nìyẹn nínú ìwé kíkà: ohun tí wọ́n bá ti kọ sílẹ̀, wọ́n á ní òun ló tọ̀nà.

"Má tọrọ àforíjì," mo ní. "Kí lo gbọ́? Má rò ó. Kí ni etí rẹ gbọ́?"

"Mo gbọ́ àárẹ̀, Màmá. Bí wọ́n ṣe máa sọ ọ́ fún ènìyàn."

Mo yíjú sí bàbá rẹ̀. "Ìwọ ọmọ aláró. Nígbà tí aró mi bá bàjẹ́, kí ni mo máa ń ṣe sí i?"

"Ẹ máa ń dà á nù."

"Jẹ́ kí fíìmù yẹn máa lọ. Kí ni ìyá yẹn ṣe sí tirẹ̀?"

Ó tẹ rìmóòtù. Gbogbo wa jọ wò ó. Ìyá náà gbé ọmọrí dé ìkòkò jẹ́jẹ́, ó tẹ́ ẹní lé e lórí, ó tẹ́ aṣọ tó nípọn lé ẹní. Ó fi ìka sẹ́nu fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nítòsí pé kí wọ́n rọra.

"Ta ló ń fi aṣọ bo ohun tó fẹ́ dà nù?" mo ní. "Nígbà tí o wà ní ọmọ ọdún mẹ́jọ, tí ìwọ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ń gbá bọ́ọ̀lù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò mi, mo nà ọ́. Kí ni mo sọ fún ọ lọ́jọ́ náà?"

Ọmọ mi ti lé ní àádọ́ta ọdún, irun funfun ti wà lágbọ̀n rẹ̀, ṣùgbọ́n mo rí ọmọ ọdún mẹ́jọ náà lójú rẹ̀.

"Ẹ ní kí n má pariwo," ó ní. "Ẹ ní aró ti ṣiṣẹ́ jù, kó sinmi. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ ò jẹ́ ká kọjá níbẹ̀."

"Ó sì sinmi?"

"Ó sinmi."

"Tí ìyẹn náà bá sinmi tán ńkọ́? O ti wò ó lẹ́ẹ̀kan láàárọ̀ yìí. Kí ló ṣẹlẹ̀ nígbẹ̀yìn?"

Ó rántí, mo rí i tó rántí: ọkùnrin eérú gbé eérú gbígbẹ wá, ìyá ṣí ìkòkò kan náà yẹn, ìfófòó ti yọ lórí rẹ̀, aṣọ wọlé ní funfun, ó jáde, ó dú bí ojú ọ̀run alẹ́. Ohun tó bàjẹ́ kì í pa aṣọ láró. Ẹni tó jókòó síbì kan tó ń kọ òyìnbó yẹn ò bá aró gbé rí. Ọmọ ọmọ mi ò bá a gbé rí náà, inú snow ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n ó gbọ́ ohun tí obìnrin yẹn wí, ó sì sọ ọ́ bó ṣe wí i. Kò tún un ṣe. Kò yí i padà nítorí pé kò yé òun.

Ẹ wo bí inú mi ṣe dùn tó! Mo ti rẹ aṣọ tí wọ́n wọ̀ lọ sílé ọba, inú mi ò dùn tó báyìí.

Ọmọ mi dìde. Ó lọ sí kíṣìnì, a gbọ́ omi tó ń bu mu. Ìyá ọmọ ti jókòó sílẹ̀ tòun ti bàtà ẹsẹ̀ kan. Ọmọ mi padà wá, ó dúró níwájú ọmọbìnrin rẹ̀.

"Ọjọ́ wo lo ní wọ́n ń retí ìdáhùn rẹ?"

"Monday, Daddy."

"Kí lo wá ń dúró dè? Lọ dá wọn lóhùn. Má jẹ́ kí wọ́n fún ẹlòmíràn."

Ọmọ náà kúnlẹ̀ pẹ̀lú eékún méjèèjì lórí kápẹ́ẹ̀tì. Bàbá rẹ̀ gbé ọwọ́ lé e lórí, ó fẹ́ gbàdúrà, àdúrà ò jáde, ó bá ń tún ọrùn aṣọ rẹ̀ ṣe fún un. Ìyá rẹ̀ ló bá wọn ṣàmín sí èyí tí kò jáde.

Ó dùn mí díẹ̀, mi ò ní purọ́. Ọdún kan gùn lójú ẹni tó ti dàgbà tó mi. Ta ni yóò máa sọ̀rọ̀ sí mi létí láti àárọ̀? Ṣùgbọ́n ìwádìí ti parí, mo sì mọ àwọn tí mò ń rán an lọ bá: wọ́n ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́, wọ́n ń fi ọwọ́ méjì na nǹkan sí àgbà, wọ́n sì mọ̀ pé ó yẹ kí aró sinmi. Bí mo bá ní ọmọbìnrin mẹ́wàá, mo lè rán mẹ́sàn-án.

Nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ náà, mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, mò ń gba oòrùn sí eékún. Mo gbọ́ ohùn ọmọ mi láti yàrá òkè. Ó ń bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní ṣọ́ọ̀ṣì sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ẹnjiníà bíi tirẹ̀, ohùn rẹ̀ ròkè bí ti ẹni tó gba oyè.

"Japan, my brother! Ọmọ mi! Ó ń gbọ́ èdè wọn yéké, kì í wo ìwé rárá. Èmi fúnra mi ni mo dán an wò láàárọ̀ yìí. Mo fi aṣọ bo tẹlifíṣọ̀n!"

Ọmọ ọmọ mi ti fẹ́ gòkè lọ bi í pé aṣọ ta ni. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo ní kó jókòó tì mí, kó jẹ́ kí bàbá rẹ̀ máa sọ ọ́ lọ.